Ṣé a lè ya ọkọ̀ àwọn Pọtogí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú tó kó? Ìtàn tó wà lẹ́yìn àríyànjiyàn owó gbà-máà-bínú

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè Pọ́túgà ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìjọba apàṣẹwàá, Ààrẹ wọn, Marcelo Rebelo de Sousa, sọ fún àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè pé ó yẹ kí Pọ́túgà gba ẹ̀bi ohun tó ṣe nígbà òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn, kí ó sì san ohun tó bá yẹ ní sísan. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà fi jáde láti sọ pé àwọn kò ní ètò kankan nílẹ̀ fún owó gbà-máà-bínú. Ẹgbẹ́ òṣèlú Chega kò tilẹ̀ fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ní Ààrẹ ti da ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú yìí ṣe àkòrí ọdún 2025, tí ó fi hàn pé ẹjọ́ náà kò ní í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń jà sí. Ní Pọ́túgà, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ìgbà ògo àwọn baba ńlá wọn, nígbà tí ilẹ̀ kékeré kan fi ọkọ̀ onígbòkun la ọ̀nà sórí òkun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òwò ẹrú burú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni ó wà, pé ẹ̀yìn tí ìrìn àjò náà ti yọrí ni ó hù jáde, bí èpò ṣe ń hù nínú oko ẹni tó ti gbin iṣu rẹ̀ tán. Èmi kò rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá to àwọn ọdún náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, a ó rí i pé ọdún méje péré ló wà láàárín ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn kọjá ibi tí ẹ̀rù ń bà wọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jí ènìyàn gbé ní etíkun Áfíríkà.

Ká tó dé orí òkun, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tí wọ́n ti gbéra. Pọ́túgà jókòó sí ìpẹ̀kun Yúróòpù níhà ìwọ̀ oòrùn. Òkun wà níwájú rẹ̀, ìjọba Castile, tó di apá tó pọ̀ jù nínú Sípéènì lónìí, sì ká a mọ́ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1348 ti gbá ọ̀pọ̀ abúlé lọ. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, àlìkámà tí wọ́n ń gbìn kì í sì í tó wọn jẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ máa rà á lóde. Ohun tí wọ́n ní láti tà ni iyọ̀, ẹja, wáìnì àti òróró ólífì.

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń rí i pé inú omi ni ọ̀nà wà. Ní ọdún 1317, Ọba Dinis ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú Genoa ní Ítálì kan, Manuel Pessanha, pé kí ó wá ṣe olórí àwọn ọkọ̀ ogun òun, kí ó sì kó àwọn atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ wá láti ìlú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó ń ròyìn ìtàn yìí bí ẹni pé ọgbọ́n òkun kàn já lu àwọn Pọtogí láti ọ̀run ti gbàgbé pé owó ni wọ́n fi ra ọgbọ́n náà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, wọ́n sì tún jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ti ṣàkóso gúúsù ilẹ̀ náà títí di ọdún 1249.

Ogun ni ó tì wọ́n síwájú. Ní ọdún 1383 ọba wọn kú láìní ọmọkùnrin, Castile sì fẹ́ gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1385, João, ọmọ ọba tí kì í ṣe ìyàwó ilé ló bí i, ṣẹ́gun Castile ní Aljubarrota, àwọn tafàtafà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú, ó sì fẹ́ Philippa ti Lancaster, ọmọ ilé ọlá níbẹ̀, ní ọdún 1387. Nígbà tí àlàáfíà dé pẹ̀lú Castile ní ọdún 1411, João, tó ti di ọba, ní àwọn ọmọkùnrin tó ti dàgbà, ó ní àwọn ìjòyè tí ogun jíjà nìkan ni wọ́n mọ̀, kò sì ní ilẹ̀ tí yóò pín fún wọn. Ẹni tó bá ní ọmọ ogun tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ mọ̀ pé inú ilé ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wúrà náà kò sí. Fún bí àádọ́ta ọdún láti 1383, Pọ́túgà kò rọ owó wúrà kankan, nígbà tí gbogbo Yúróòpù mọ ibi tí wúrà ti ń wá. Láti ọdún 1324 tí Mansa Musa ti Málì ti gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà, tí ó ná wúrà débi pé iye rẹ̀ já wálẹ̀ lọ́jà Íjíbítì, òkìkí rẹ̀ ti kàn kọjá òkun. Nínú àwòrán ilẹ̀ ayé kan tí wọ́n yà ní erékùṣù Majorca ní ọdún 1375, Mansa Musa ni ó jókòó sí àárín aṣálẹ̀ Sàhárà, adé lórí, tí ó na ọwọ́ tí ó fi mú odindi wúrà rogodo. Ẹni tó bá wo àwòrán náà kò nílò àlàyé mìíràn. Ìṣòro tó kù ni pé àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó ń da ràkúnmí gba inú aṣálẹ̀ ni wọ́n di ọ̀nà wúrà náà mú, àwọn onígbàgbọ́ Yúróòpù kì í sì í rí ju èyí tó bá dé àwọn èbúté àríwá Áfíríkà lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn èbúté wọ̀nyí ni Ceuta, tó kọjú sí Sípéènì láti ilẹ̀ Mòrókò. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1415, João kó ọkọ̀ tó lé ní 200 lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gba ìlú náà láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí di ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo ìṣẹ́gun rọlẹ̀, wọ́n rí i pé ìlú ni wọ́n gbà, wọn kò gba ọjà. Àwọn oníṣòwò kàn darí ràkúnmí wọn gba ibòmíràn ni. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ceuta di ibi tí wọ́n ń fi oúnjẹ àti ọmọ ogun ránṣẹ́ sí lọ́dọọdún láìrí èrè níbẹ̀, wúrà sì wà níbi tó wà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba mẹ́ta náà ni Henrique, ẹni ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà, tí àwọn ìwé Òyìnbó ń pè ní Henry Atukọ̀. Orúkọ yẹn nìkan ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Henrique kò tu ọkọ̀ lọ sí ibi kankan tó kọjá Mòrókò, àwọn òǹkọ̀wé tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ tí wọ́n ní ó dá sílẹ̀ ní Sagres, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń péjọ sí, kò ní ẹ̀rí kankan tó dúró. Ohun tí ó jẹ́ gan-an ni ọmọ ọba tó ń jẹ gbèsè, tó ní ilé ńlá tí ó gbọ́dọ̀ bọ́, tó sì ń wá ibi tí owó yóò ti wọlé. Òun nìkan ni ó ní àṣẹ lórí ọṣẹ ṣíṣe ní apá ńlá nínú ilẹ̀ náà. Láti ọdún 1420 ni ó ti ń ṣe alákòóso Ẹgbẹ́ Kristi, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1319 láti jogún dúkìá àwọn Templar, ẹgbẹ́ jagunjagun onígbàgbọ́ mìíràn tí wọ́n ti tú ká, owó ẹgbẹ́ yìí sì wà lára ohun tó fi ń rán ọkọ̀ jáde. Nínú ohunkóhun tí ọkọ̀ bá kó bọ̀, ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀, èmi kò ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ó fẹ́ bá àwọn Mùsùlùmí jà, ó sì ń retí pé àwọn yóò rí Prester John, ọba onígbàgbọ́ tí ìtàn sọ pé ó ń bẹ níbì kan ní Áfíríkà tàbí Éṣíà. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ àti èrè kò bá ara wọn jà nínú ọkàn rẹ̀ rárá.

Ibi tí a gbọ́dọ̀ dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n tòótọ́ wà. Láti Pọ́túgà sọ̀kalẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Canary, afẹ́fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn ni ó máa ń fẹ́ ní apá tó pọ̀ jù nínú ọdún, ìṣàn omi òkun sì ń lọ sí ìhà kan náà. Àlọ kò le rárá. Ẹni tó bá ta ìgbòkun rẹ̀ yóò kàn máa lọ ni. Àbọ̀ ni ewu wà, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò máa fẹ́ lu ojú ọkọ̀. Ní etíkun aṣálẹ̀ ni orí ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bojador, níbi tí omi kò ti jìn, tí kùrukùru àti iyanrìn pupa máa ń bo ojú ọ̀run. Gomes Eanes de Zurara, akọ̀wé ìtàn ààfin, kọ ohun tí àwọn atukọ̀ ń sọ sílẹ̀: pé lẹ́yìn ibẹ̀ kò sí ènìyàn, kò sí igi, kò sí koríko tútù, pé ìṣàn omi ibẹ̀ lágbára débi pé ọkọ̀ tó bá kọjá kò ní í padà mọ́. Àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí bí ẹni pé àwọn atukọ̀ náà jẹ́ òpè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ àbùmọ́ inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n sọ nípa àbọ̀ jẹ́ òótọ́ fún ọkọ̀ tó ní ìgbòkun onígun mẹ́rin.

Ọdún méjìlá ni Henrique fi ń rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń padà. Ní ọdún 1433 ó rán Gil Eanes, ọmọ ìlú Lagos ní gúúsù Pọ́túgà. Ó dé Canary, ó fà sẹ́yìn. Ní ọdún 1434 ó tún lọ, lọ́tẹ̀ yìí ó gba ojú agbami, ó yí Bojador po, ó sì sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ níhà kejì. Kò rí ẹnikẹ́ni, kò sì rí ìlú. Ó já òdòdó kéékèèké kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní ròóòsì Màríà Mímọ́, ó gbé e bọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ láti fi hàn pé nǹkan ń hù níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní caravela gba iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ kékeré ni, kò sì rì wọ inú omi jù, nítorí náà ó lè wọ ẹnu odò. Ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, irú èyí tí àwọn Lárúbáwá ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì lè fi ẹ̀gbẹ́ gun afẹ́fẹ́, kí ó máa yà sọ́tùn-ún, kí ó máa yà sósì, títí yóò fi lọ síwájú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni afẹ́fẹ́ ń lù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn atukọ̀ tún kọ́ ohun kan tó jọ wèrè lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ padà sílé láti Guinea, bí wọ́n ṣe ń pe etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọn kì í tẹ̀ lé etíkun mọ́. Wọ́n á kẹ̀yìn sí ilẹ̀, wọ́n á lọ sínú agbami níhà àríwá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ láìrí ilẹ̀, títí wọ́n á fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, nítòsí àwọn erékùṣù Azores. Afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò gbé wọn wálé. Àyípo òkun ni wọ́n pe ọ̀nà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ibi tí mo ti lè bu ọlá fún àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni n óò nàka sí.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ọgbọ́n náà ṣe? Ní ọdún 1441, Henrique rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Antão Gonçalves, pé kí ó lọ kó awọ àti òróró ẹran inú omi tí wọ́n ń pè ní séèlì. Gonçalves rò pé inú ọ̀gá òun yóò dùn bí òun bá mú ènìyàn bọ̀, ó sì jí àwọn díẹ̀ gbé ní etíkun aṣálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ jẹ́ ọlọ́lá, Adahu ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Zurara. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n bá dá òun àti àwọn ọ̀dọ́ méjì kan padà, àwọn ènìyàn wọn yóò fi ẹrú rà wọ́n padà. Wọ́n dá a padà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, ó sá lọ, wọn kò sì rí i mọ́. Fún àwọn ọ̀dọ́ méjì náà, Gonçalves gba ènìyàn dúdú mẹ́wàá, ìyẹ̀fun wúrà díẹ̀ àti ẹyin ògòǹgò. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà nínú ẹrù kan ṣoṣo yìí. Wúrà tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà Ceuta kọ́kọ́ wọ ọwọ́ wọn láti ojú òkun ní ọjọ́ kan náà, nínú ọjà kan náà, tí ẹrú àkọ́rà wọ ọwọ́ wọn.

Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi fẹ́ lọ. Ní ọdún 1444, Lançarote, tó ń gba owó orí fún ọba ní ìlú Lagos, kó ọkọ̀ caravela mẹ́fà jọ pẹ̀lú àṣẹ Henrique, wọ́n lọ sí àwọn erékùṣù tó wà nítòsí Arguin ní ilẹ̀ tó di Mauritania lónìí, wọ́n já lu àwọn apẹja níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ènìyàn 235 ni wọ́n kó bọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ní àárọ̀ nítorí ooru, wọ́n kó wọn jáde sí pápá kan lẹ́yìn ìlú. Zurara ròyìn rẹ̀: àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú, àwọn kan dorí kodò, àwọn mìíràn ń wo òkè tí wọ́n ń kígbe, àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ lu ojú ara wọn. Nígbà tí ó tó àkókò láti pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún, wọ́n ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ bàbá, wọ́n ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya. Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń gba pàṣán dípò kí wọ́n jọ̀wọ́ ọmọ. Àwọn ará Lagos fúnra wọn ti pa iṣẹ́ tì láti wá wòran, ẹkún sì gba ẹnu àwọn kan nínú wọn. Henrique wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, ó gba 46 tó jẹ́ ìpín tirẹ̀, ó sì pín wọn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Zurara tó kọ gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀tá Henrique; ìyìn ló ń kọ. Ó ní àánú ṣe òun, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ọkàn wọn yóò rí ìgbàlà.

Ìwà jàgídíjàgan yìí kò lọ láìsí ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n kọjá aṣálẹ̀ tí wọ́n dé ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n bá àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi àti ọfà olóró pàdé. Ní ọdún 1446, Nuno Tristão, ọ̀kan nínú àwọn ògbójú wọn, wọ ẹnu odò kan ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n ta á lọ́fà, òun àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a lọ kú síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí i pé òwò ni yóò gbé wọn dé ibi tí ogun kò lè gbé wọn dé. Wọ́n kọ́ ilé olódi sí Arguin, wọ́n ń gbé ẹṣin, aṣọ àti àlìkámà wá, wọ́n ń gba wúrà àti ènìyàn. Iye tí Zurara kà pé wọ́n ti kó wọ Pọ́túgà títí di ọdún 1448 jẹ́ 927. Ìbọn wọn kọ́ ló fún wọn láyè, bí àwọn kan ṣe máa ń rò. Àwọn ọba àti oníṣòwò etíkun ló gbà láti bá wọn ná ọjà, lórí ìlànà tí àwọn ọba náà fúnra wọn fi lélẹ̀.

Wọ́n wá wá òǹtẹ̀ Póòpù sí i. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1455, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún Ọba Afonso Karùn-ún ní ìwé àṣẹ pé ti Pọ́túgà nìkan ni gbogbo etíkun láti Bojador sọ̀kalẹ̀, pé wọ́n sì lè sọ àwọn kèfèrí tí wọ́n bá ṣẹ́gun di ẹrú títí ayé. Ó di oṣù kẹta ọdún 2023 kí ìjọba Vatican tó jáde ní gbangba pé àwọn kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fa yọ láti inú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Wọ́n máa ń kọ́ wa pé nítorí pé àwọn Túúkì gba Constantinople ní ọdún 1453, tí ọ̀nà Íńdíà fi dí, ni àwọn Pọtogí ṣe gba ojú òkun. Ọdún náà kò bá a mu. Nígbà tí Constantinople fi wó, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti kọjá Bojador, ọjà ẹrú Lagos sì ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Àwọn erékùṣù òkun, wúrà Guinea àti ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Èrò Íńdíà wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ikú Henrique ní ọdún 1460, iṣẹ́ náà rọ díẹ̀, títí Afonso fi gbé e fún oníṣòwò ará Lisbon kan, Fernão Gomes, ní ọdún 1469. Àdéhùn wọn rí bí ìgbà tí ènìyàn gba oko ọlọ́dún: Gomes yóò máa san 200,000 reais, owó Pọ́túgà ìgbà náà, lọ́dún, yóò sì máa ṣí etíkun tuntun tó jẹ́ 100 leagues, ìyẹn bí 600 kìlómítà, lọ́dọọdún. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ra ataare, wọ́n dé etíkun Gánà ní ọdún 1471 níbi tí wúrà ti pọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ tiwa. Nǹkan bí ọdún 1472 ni wọ́n gba iwájú Èkó kọjá. Nínú àwòrán ilẹ̀ wọn, ọ̀sà ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lago de Curamo, orúkọ Kúrámò sì ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Èkó di òní. Àwọn onímọ̀ kan ní inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀sà yìí ni orúkọ Lagos ti wá, àwọn mìíràn ní ìlú Lagos ti Pọ́túgà, níbi tí wọ́n ti pín ènìyàn 235 yẹn, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1482, Diogo de Azambuja gúnlẹ̀ sí Elmina ní etíkun Gánà pẹ̀lú bí ènìyàn 600 àti òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ láti Pọ́túgà. Kwamena Ansa, olórí ibẹ̀, fi ọgbọ́n sọ fún un pé àwọn ọ̀rẹ́ tó ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìfẹ́ wọn máa ń pẹ́, pé kí wọ́n máa wá kí wọ́n máa lọ bí wọ́n ti ń ṣe. Azambuja kọ́ ilé olódi náà bó ti wù kó rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò lókìkí tó bó ṣe yẹ. Àwọn oníṣòwò Akan tó ń gbé wúrà wá láti inú igbó nílò ẹni tí yóò ru ọjà padà, nítorí náà àwọn Pọtogí ń ra ènìyàn ní ilẹ̀ Bìní àti àwọn odò ìtòsí rẹ̀, wọ́n ń kó wọn lọ sí Elmina, wọ́n sì ń fi wọ́n gba wúrà. Ọdún 1486 ni àṣojú Ọba Bìní ti bá wọn dé Pọ́túgà, ìgbà tí ó sì yá ni àwọn alágbẹ̀dẹ Bìní ń mọ àwòrán Pọtogí onírùngbọ̀n tó di ẹ̀gbà idẹ mú sára ère idẹ ààfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira kọ nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí ká, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Agusale. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ̀ pé Awùjalẹ̀ ni ó ń wí, àti pé Erédò ni yàrà náà. Ó kọ iye ọjà náà sílẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 fún ẹrú kan.

Ìyókù ìtàn náà ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Diogo Cão dé ẹnu odò Kóńgò ní nǹkan bí ọdún 1483, Bartolomeu Dias yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po ní 1488, Vasco da Gama dé Calicut ní Íńdíà ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1498 pẹ̀lú afinimọ̀nà tí wọ́n gbà ní Malindi, Cabral sì kan Bùràsíìlì ní ọdún 1500. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlà agbedeméjì ayé, tí ìràwọ̀ àríwá pòórá, oòrùn ni wọ́n ń wọ̀n, pẹ̀lú ìṣirò Abraham Zacuto, Júù kan tí Sípéènì lé jáde ní 1492 tí Pọ́túgà náà kò sì gbà á láyè láti pẹ́.

Ìrèké ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n gbìn ín ní erékùṣù Madeira, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù São Tomé níbi tí ẹrú láti etíkun wa ti ń ṣiṣẹ́ oko, láti ibẹ̀ ni ètò náà ti sọdá sí Bùràsíìlì. Nígbà tí òwò náà fi dópin, ọkọ̀ tó ń ta àsíá Pọ́túgà àti ti Bùràsíìlì ti kó ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́fà kúrò ní Áfíríkà, ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ. Ìparí òwò náà ni wọ́n kó àwọn Yorùbá jù, tí wọ́n di Nàgó ní Bahia ní Bùràsíìlì. Àwọn tó padà wá sí Èkó nínú wọn ni a mọ̀ sí Àgùdà.

Ní Belém, lẹ́bàá odò tó gba Lisbon kọjá, ère òkúta ńlá kan wà tó ga ju mítà 50 lọ, tí ìjọba apàṣẹwàá Salazar kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún ìpàtẹ ọdún 1940, tí wọ́n sì fi òkúta tún kọ́ ní 1960 láti sàmì ẹgbẹ̀ta ọdún dín ọgọ́rùn-ún tí Henrique ti kú. Ènìyàn 33 ló wà lára rẹ̀, Henrique ni ó ṣáájú, ó di ọkọ̀ caravela kékeré mú. Ìyá rẹ̀, Philippa, nìkan ni obìnrin inú wọn. Ní ọdún 2017, àwọn ará Lisbon dìbò pé kí ìlú náà kọ́ ìrántí kan fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, wọ́n sì yan iṣẹ́ Kiluanji Kia Henda, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Àǹgólà, tó fi igi ìrèké onírin ṣe àpẹẹrẹ oko ẹrú. Títí ọ̀rọ̀ Ààrẹ fi dá awuyewuye sílẹ̀ ní 2024, wọn kò tíì gbé e kalẹ̀.

Ní ìlú Lagos ti Pọ́túgà, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 2009 láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n kan egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 150, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ní ibi tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ nù lẹ́yìn odi ìlú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà tí àwọn kan nínú wọn gbà sùn fi hàn pé wọ́n di wọ́n lókùn. Àwọn onímọ̀ kó egungun náà lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì parí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Pápá kékeré tí àwọn àlejò ti ń gbá gọ́ọ̀fù wà lórí rẹ̀. A lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé gbàgede tí ilé kan tí wọ́n ń pè ní ọjà ẹrú wà, tí ère Henrique sì jókòó sí àárín rẹ̀, tó kọjú sí omi.